Ilé Tí A Yàn Láti Gbé àti Iná Tí Ó Ń Jẹ



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni n ó sọ, nítorí iṣẹ́ ìròyìn tí mo ń ṣe. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu yín láti àárọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. A kò tíì kí ara wa tán tí ọ̀kan yóò ti máa bi èkejì pé, "Báǹdì wo lẹ wà ládùúgbò yín?" Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ tíì béèrè iye ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Pẹtiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Ní oṣù kẹrin 2024 yẹn kan náà, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó àwọn tó wà ní Báǹdì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, ó tún gòkè sí ₦209.50 ní oṣù keje. Ẹni tó sá fún jẹnẹrétọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Nẹ́pà, ẹni tó sá fún Nẹ́pà padà sọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. (Mo mọ̀ pé láti 2005 ni Nẹ́pà ti yí orúkọ padà, tí wọ́n sì ti fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé, tí àwọn ọmọdé hó yèè, ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń pè?)

Gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń bú. Èmi náà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́pọ̀ ìgbà, n ó sì tún kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo apá tó wà lọ́wọ́ tiwa. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: irú ilé tó wù wá láti gbé, irú àyíká tí a fẹ́, ni ó ti bu owó iná lé wa lórí kí a tó tẹ súwíìṣì kankan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bá ọmọ jà pé "pa gílóòbù yẹn", bẹ́ẹ̀ láti orí àwòrán ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àwọn olùkọ́ wa wà níbí, wọn yóò bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun èlò tó ń lo ẹgbẹ̀rún wáàtì yóò jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Fáànù òkè àjà ń lo nǹkan bí wáàtì 75. Ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí à ń pè ní éésì, tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ ti àtijọ́, ń lo nǹkan bí 1,200. Bí a bá tan fáànù fún wákàtí mẹ́jọ lóru, 0.6 yúnìtì ni. Éésì máa ń sinmi díẹ̀ láàárín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fún un ní yúnìtì mẹ́fà. Ní iye ti oṣù keje 2024 tí mo dárúkọ, fáànù náà jẹ nǹkan bí ₦3,770 lóṣù. Éésì jẹ nǹkan bí ₦37,700. Yàrá kan ṣoṣo nìyẹn o, alẹ́ nìkan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún náà jẹ́ ₦70,000.

Kí ló wá dé tí yàrá kan fi ń fẹ́ éésì, tí fáànù sì tó fún òmíràn?

Ẹ rántí ilé àwọn baba ńlá wa. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, oòrùn á pàápàá lé e lórí títí kó tó ráyè wọlé. Koríko tàbí ewé ló wà lórí rẹ̀. Agbo ilé ní àkòdì láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí lọ́sàn-án, tí wọ́n ń gba àlejò níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀ nígbà ooru. Yàrá wà fún ẹrù àti oorun. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, kí ooru àti èéfín má bàa bá ènìyàn gbé. Nígbà tí àwọn Àgùdà dé sí Èkó láti Brazil àti Cuba, wọ́n mú àpẹẹrẹ mìíràn wá: ilé tí ọ̀nà la àárín rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, fèrèsé onípákó gíga. Ọ̀nà àárín yẹn ni atẹ́gùn ń gbà.

Àwọn òyìnbó pàápàá kọ́gbọ́n. Nígbà tí Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ń ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wọn kò gbé ilé Lọ́ńdọ̀nù wá. Wọ́n kọ́ ilé tí kò jin púpọ̀ ní ìbú, wọ́n fi ògiri oníhò àti bákónì sí i, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Wọ́n kọ ìwé lórí irú ilé bẹ́ẹ̀, ó jáde ní 1956. Ẹni tó bá gbé ní gbọ̀ngàn ibùgbé ní Yunifásítì Ìbàdàn yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Kì í ṣe pé mo ní kí a padà sínú ilé amọ̀. Ta ló fẹ́ máa rẹ́ ògiri lọ́dọọdún? Ohun tí mo ń sọ ni pé a yí ilé padà nítorí àwọn nǹkan tó wù wá, owó iná sì tẹ̀ lé ohun tó wù wá wọlé.

Àkọ́kọ́ nínú ohun tó wù wá ni kí á dá wà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé fèèsì-mi-n-fèèsì-ẹ rí, ẹ mọ ogun tó wà nínú mítà kan fún yàrá mẹ́wàá. Bílì dé, wọ́n pín in dọ́gba-dọ́gba. Ẹni tó ní gílóòbù kan àti rédíò ń san iye kan náà pẹ̀lú ìyá tó fi fírísà ta omi dídì. Bí èmi bá pa tèmi, ará yàrá kejì ló máa jẹ èrè rẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó ń pa nǹkan kan. Iná ọ̀nà àárín ń tàn mọ́jú. Àwọn kan ń dáná lórí sítóòfù oníná nítorí pé owó gbogbo ilé ló ń sè é. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, bí a bá wo ìdílé kọ̀ọ̀kan, iná tí wọ́n ń lò kò pọ̀. Kànga kan ni gbogbo ilé ń fà. Tẹlifíṣọ̀n kan ni ogún ọmọ ń wò láti ojú fèrèsé.

A wá kó lọ sí fúláàtì. A fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tí à ń sè. Kò burú, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mítà pírípéèdì tí olúkúlùkù ní sì tún ìwà ṣe lóòótọ́: ẹni tó bá rí yúnìtì tó ń sá lọ lójú mítà, ọwọ́ rẹ̀ á yá sí súwíìṣì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdílé mẹ́wàá jọ ń lò tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́wàá. Fìríìjì mẹ́wàá. Bọ́hóòlù fún ilé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pọ́ńpù họ́ọ̀sì kan tó ń jẹ bíi wáàtì 750 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ó lè ti omi gun táńkì, nítorí pé a fẹ́ kí omi máa yọ ní balùwẹ̀ mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ náà di ti olúkúlùkù. Ẹ ṣáà mọ orúkọ tí a fún èyí tó kéré jù nínú wọn: I-better-pass-my-neighbour. Orúkọ yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn tó sì ti korò nìyí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, ó ń tú èéfín. Èmi á ti fèrèsé mi. Nígbà tí mo tì í, ooru á mú mi, èmi náà á ra éésì. Éésì kì í pa ooru o, ńṣe ló ń kó o láti inú yàrá lọ síta, ojú fèrèsé ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló sì ń tú u sí. Ẹni yẹn á ti tirẹ̀, á ra éésì. Nígbà tí iná bá lọ, gbogbo wa á tan jẹnẹrétọ̀, ariwo á tún pọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ, àdúgbò lódindi sì ti di ilé títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí bákónì tàbí ọ̀nà àárín nítorí olè. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì nínú, kì í rùn, ènìyàn kì í rí i, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun. Mo ti kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ kọ ti ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ fèrèsé. Lúfà, tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí a bá ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán. Fèrèsé alumíníọ̀mù tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ti wù kí a ṣí i tó, ìdajì ló máa ṣí, nítorí ìdajì kan á fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi fèrèsé alátìsẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò lúfà ti ta nǹkan bí ìdajì afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì fowó lé e. Kí ló dé tí a ṣe é? Olè ń yọ lúfà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ewé. Eruku ọyẹ́ ń gba inú rẹ̀ wọlé. Àti pé, ẹ má bínú, lúfà ti di nǹkan àtijọ́ lójú àna. Ìdí méjì àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀, n kò sì ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìbẹ̀rù olè. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn wà, a lè fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i nínú, yóò sì ṣí tán. Ẹ bi oníalumíníọ̀mù yín léèrè. Wọ́n ń ṣe é, àwa la kì í béèrè.

Igi ńkọ́? Ilẹ̀ tí a rà ní máńgòrò, dóńgóyárò tàbí fúrúùtù lórí. Kí bíríkìlà tó dé, a ti gé gbogbo rẹ̀. Ewé ń dọ̀tí ilé, ejò ń gun igi, gbòǹgbò ń la ògiri, ìyá àgbà sì ní àwọn ẹyẹ kan ń bà síbẹ̀ lóru. A wá fi íńtálọ́kì tẹ́ gbogbo àgbàlá láti géètì dé ẹ̀yìn. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Òkúta yẹn ń mu oòrùn sára látàárọ̀, alẹ́ ló sì ń pọ̀ ọ́ jáde, ní wákàtí tí a fẹ́ sùn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹ́sítéètì Bódìjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, àyè wà láàárín ilé sí ilé, igi sì rí ibi dúró. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù àti fúláàtì dí àgbàlá wọ̀nyẹn báyìí, kí ẹ wo iye éésì tó so mọ́ ògiri.

Èyí tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ la tún ń gbàgbé jù, ìyẹn ibi tí ilé kọjú sí. Ní ilẹ̀ wa níbí, oòrùn ọ̀sán gangan wà lókè orí, òrùlé ló ń bá jà. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé ní ìdúró, láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ilé tó bá fi ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, tó fi ẹ̀gbẹ́ kúkúrú gba oòrùn, yóò tutù ju èyí tí a gbé kọjú sí títì lásán. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá sè, ó lè má tutù títí di ọ̀gànjọ́. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ń fi yàrá ibùsùn sí, tí a ó fi ilé ìgbọ́nsẹ̀ àti yàrá ẹrù sí ibi tó tutù.

Ẹ̀yin ará wa tó ti ìlú òyìnbó dé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ilé tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, wọ́n kọ́ ọ kí ooru má bàa jáde ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí wọ́n bá fẹ́ tà tàbí fi háyà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó fi lẹ́tà A dé G sọ bó ṣe ń jẹ iná sí. Láti oṣù kẹrin 2018, ní England àti Wales, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, onílé kò gbọdọ̀ fi ilé tó bá wà nísàlẹ̀ E háyà fún ayálégbé tuntun. Níbí, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2017 lórí ilé tí kì í fi iná ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ bi bíríkìlà yín bóyá ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ń fi àwòrán ilé olótùútù yẹn ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò yín kọ́ ọ: gíláàsì láti ilẹ̀ dé òkè, òrùlé tí kò yọ síta, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ilé náà ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ, ó ń pa ooru mọ́. Ìyá yín tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń san owó éésì.

Mo gbọ́ pé àwọn kan á sọ pé, "Oòrùn kan náà la ó fi ṣe sólà, ọ̀rọ̀ ti parí." Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣẹ́ sólà yín ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè. Iye ẹrù ilé ni. Ilé tí fáànù tó fún, páńẹ́ẹ̀lì díẹ̀ àti bátìrì kan lè gbé e. Ilé tí kò lè mí láìsí éésì mẹ́ta, iye tí wọ́n máa pè fún un lè mú kí ẹ jókòó.

Èyí ló gbé mi dé orí gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ́ fún ilé ìwé wa. Mo ti rí àwòrán náà, ó lẹ́wà. Fèrèsé gíláàsì ńláńlá tí kò ṣí ju ìdajì lọ, àjà POP tó wálẹ̀, éésì mẹ́jọ onihọ́ọ̀sì méjì, àti igi máńgòrò méjì tó ní láti kúrò nílẹ̀. Bí éésì kọ̀ọ̀kan bá ń lo wáàtì 1,750, mẹ́jọ jẹ́ 14,000. Ìpàdé òbí wákàtí mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ jẹ́ yúnìtì 56. Ní iye tí mo ti ń lò bọ̀, ó tó nǹkan bí ₦11,700 fún ìjókòó kan. Ilé ìwé ìjọba ni, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá owó tí ọ̀gá ilé ìwé ń rí gbà fún ṣọ́ọ̀kì ń tó.

Kíláàsì tí a jókòó sí kò ní fáànù kan ṣoṣo. Ògiri rẹ̀ kò ju àyà lọ, ibi tó kù ṣí sílẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, òrùlé ga, máńgòrò sì ṣíji bò ó. A sùn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án dáadáa, àwọn olùkọ́ wa ló ń jí wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a yí gbọ̀ngàn náà kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé tó ń ṣí tán wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí òrùlé yọ síta dáadáa, kí àjà ga, kí ó sì ní ihò tí ooru lè gbà sá lọ. Kí igi méjèèjì dúró. Fáànù méjìlá ń lo wáàtì 900, èyí tí sólà tí kò pọ̀ lè gbé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń wá owó á fèsì pé a fẹ́ máa fi gbọ̀ngàn náà gba owó ìgbéyàwó, àti pé kò sí ìyàwó tó fẹ́ kí àtíkè òun yọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó, ọjọ́ márùn-ún ni ìwé kíkà. Nínú èrò tèmi, ọmọ ilé ìwé ló ni gbọ̀ngàn náà kí ìyàwó tó ni ín.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ ayàwòrán-ilé ti fi pẹ́ńsù ya bí ó ṣe máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Méjèèjì wà lórí tábìlì tí akọ̀wé jókòó sí lẹ́yìn yẹn. Aago mẹ́ta la máa dìbò lé e. Ẹ bá mi lọ wò ó kí oúnjẹ tó dé.